Oúnjẹ Tí Kò Sí Nínú Òwe

Àwọn baba wa fi òwe to oúnjẹ ní ipò-ipò, gẹ́gẹ́ bí a ti ń to àwọn ìjòyè ní ààfin ọba. Wọ́n ní: "Iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá ni à ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú." Ẹni tí ó bá gbọ́ òwe yìí kò tún ní béèrè ohun tí ó wà nínú ìkòkò ilé wa mọ́. Ó ti mọ èyí tí ó jẹ́ olórí, ó ti mọ èyí tí ó tẹ̀lé e, ó sì ti mọ èyí tí a kàn fi ń tan ẹnu. Ṣùgbọ́n kò sí búrẹ́dì nínú òwe náà. Kò sí ṣúgà, kò sí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kò sì sí Indomie. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé bá gba ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọjá ní òwúrọ̀, oúnjẹ tí kò sí nínú òwe yìí ni yóò rí jù nínú àwo wọn.

Bí oúnjẹ ti ń yí padà, bẹ́ẹ̀ ni àìsàn náà ń yí padà. Ní ayé àwọn baba wa, ibà, ìgbẹ́ gbuuru àti ìgbóná ni ó ń kó ènìyàn lọ. Ìgbóná ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní gbogbo ayé, àwọn méjì yòókù kò sì tí ì fi wá sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ti wá dúró tì wọ́n: ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, àti rọpárọsẹ̀ tí í máa ń tẹ̀lé àwọn méjèèjì lẹ́yìn. Àwọn wọ̀nyí kì í pa ènìyàn lọ́jọ́ kan. Ńṣe ni wọ́n ń bá a gbé bí ayálégbé tí kì í san owó, tí a kò sì lè lé jáde.

Bí a bá béèrè ibi tí wọ́n ti wá, ìdáhùn méjì ni a sábà máa ń gbọ́. Àwọn kan a ní àrùn òyìnbó ni, oúnjẹ àjèjì ni ó gbé e wọ̀lú. Àwọn mìíràn, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀mọ̀wé, a ní ó ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn dúdú láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí ni pé ìtàn kò gbe ìdáhùn méjèèjì. Oúnjẹ àjèjì ti wọ ilẹ̀ wa tipẹ́tipẹ́ láì ṣe wá ní ibi. Ẹ̀jẹ̀ wa náà kò sì yí padà láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Ohun tí ó yí padà ni pé oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ wa ní ìhòòhò, lẹ́yìn tí a ti bọ́ èèpo rẹ̀ sọnù, ó sì dé bá ara tí kò ṣe iṣẹ́ àṣelàágùn mọ́.

Àlejò Tí Ó Di Ọmọ Ilé

Kí á tó dá oúnjẹ àjèjì lẹ́jọ́, ó yẹ kí á bi ara wa pé: èwo nínú oúnjẹ wa ni ó jẹ́ tiwa gan-an? Iṣu jẹ́ tiwa. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà yìí ni àwọn ènìyàn ti mú iṣu funfun láti inú ìgbẹ́ wá sí inú oko. Ẹ̀wà jẹ́ ti Áfíríkà, ọkà bàbà náà sì jẹ́ ti Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo ti wá. Lẹ́yìn tí Columbus ti dé ibẹ̀ ní ọdún 1492 ni àwọn atukọ̀ láti ilẹ̀ Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wá sí etíkun wa. Nítorí náà, nínú oúnjẹ mẹ́rin tí òwe wa dárúkọ, àlejò ni gúgúrú, àlejò sì ni ẹ̀kọ tí a fi àgbàdo ṣe. Wọ́n ti pẹ́ nílé tó bẹ́ẹ̀ tí a fi fún wọn ní ipò nínú òwe, tí kò sì sí ẹni tí ó rántí pé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wọlé.

Ẹ̀gẹ́ náà, èyí tí àwọn kan ń pè ní pákí tàbí gbágùúdá, ọmọ Amẹ́ríkà ni. Kò tètè gbilẹ̀ láàárín wa, nítorí pé májèlé wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé àwọn Àgùdà tí wọ́n padà wálé láti ilẹ̀ Bràsíìlì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún wà lára àwọn tí ó kọ́ àwọn ènìyàn wa ní bí a ti ń ṣe gàrí. Ọmọ ẹni tí a kó lẹ́rú lọ ni ó padà wá fi ọ̀nà oúnjẹ hàn wá.

Ẹ kíyèsí ohun tí àwọn ìyá wa ṣe fún àwọn àlejò wọ̀nyí. Wọn kò gbà wọ́n wọlé láì wẹ ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n ń rẹ àgbàdo sínú omi títí yóò fi kan, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ ní ògì, wọ́n sì ń fi àkàrà tàbí ọ̀lẹ̀lẹ̀ jẹ ẹ̀kọ rẹ̀, kí ẹ̀wà lè fi ohun tí àgbàdo kò ní kún un. Wọ́n ń rin ẹ̀gẹ́, wọ́n ń dì í sínú àpò, wọ́n ń gbé òkúta lé e kí omi májèlé rẹ̀ lè ro dànù, lẹ́yìn náà ni wọ́n ń yan án lórí iná. Ọbẹ̀ tí a fi ń jẹ gbogbo rẹ̀ kún fún ewé: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ẹ̀fọ́ ewúro. Ẹni tí ó jókòó ti àwo náà sì ti fi ọkọ́ kọ ebè láti àárọ̀.

Kì í ṣe pé iyán kì í di ṣúgà nínú ara ènìyàn. Yóò dì í dájúdájú, àfàìmọ̀ kí ó má tilẹ̀ yá ju àwọn mìíràn lọ. Ṣùgbọ́n ọkọ́ ń dúró de ṣúgà náà lóko. Àgbẹ̀ tí ó jẹ òkèlè mẹ́wàá ní òru àná ti ná mẹ́sàn-án nínú wọn kí oòrùn tó kan àtàrí. Oúnjẹ àti iṣẹ́ jẹ́ tọkọtaya nígbà náà, ẹnì kan kì í dá rìn láìsí ẹnì kejì.

Bí Búrẹ́dì Ti Ṣe Wọ Ìlú

Àwọn Sàró àti àwọn Àgùdà ní Èkó ti mọ búrẹ́dì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣùgbọ́n oúnjẹ àwọn díẹ̀ ni. Ẹni tí ó sọ ọ́ di oúnjẹ gbogbo ènìyàn kì í ṣe òyìnbó rárá. Ènìyàn dúdú bí tiwa ni, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà, orúkọ rẹ̀ a máa jẹ́ Amos Shackleford. Ní ọdún 1913 ni ó dé sí Nàìjíríà láti ṣe akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ rélùwéè. Nígbà tí ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó ṣe òwò díẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1921, ó dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Ẹ̀bùté Mẹ́tta. Òwò náà gbèrú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní ọba búrẹ́dì Nàìjíríà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa kọ́ iṣẹ́ náà, ilé búrẹ́dì sì tàn ká, títí tí Agége fi di orúkọ búrẹ́dì kan tí gbogbo wa mọ̀.

Kí ni ó mú kí àwọn ènìyàn gba búrẹ́dì tó bẹ́ẹ̀? Ẹ má ṣe jẹ́ kí á rò pé ìwà àfarawé nìkan ni. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní rélùwéè tàbí ní èbúté kò lè dúró de iyán ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Búrẹ́dì kò bèèrè igi ìdáná, kò bèèrè odó, ó ṣe é mú rìn, kì í sì í bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Obìnrin tí ó ti gún iyán rí kí ilẹ̀ tó mọ́, tí ó sì tún gbé igbá ọjà rẹ̀ jáde lẹ́yìn náà, kò ní bá ẹnikẹ́ni bú búrẹ́dì. Ìdẹ̀ra gidi ni ó mú wá. Ohun tí ó bá mú ìdẹ̀ra wá ni ó sì ṣòro jù láti yẹ̀ wò, nítorí pé ọpẹ́ kì í jẹ́ kí á béèrè ọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn èyí, àwọn yòókù ń tẹ̀lé ara wọn bí ọkọ̀ rélùwéè. Ní ọdún 1953 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í rọ Coca-Cola sínú ìgò ní Èkó. Ní ọdún 1962 ni ẹ̀rọ ńlá tí ń lọ àlìkámà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àpápá. Ṣáájú ìgbà náà, ìyẹ̀fun tí a ti lọ̀ tán ni ọkọ̀ òkun máa ń kó wá. Nígbà tí owó epo rọ̀bì dé ní ọdún 1970 sí 1980, àlìkámà láti òkè òkun di ohun tí a ń kó wọlé láì ka iye. Ó dé ibi tí ìjọba fi rí i pé oúnjẹ tí ilẹ̀ wa kò lè gbìn dáadáa ti di oúnjẹ tí ará ìlú kò lè ṣe aláìjẹ. Ni wọ́n bá ṣe òfin pé láti oṣù kìíní ọdún 1987, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó àlìkámà wọlé mọ́.

Òfin náà kò pé ọdún mẹ́fà. Búrẹ́dì wọ́n, àwọn onífàyàwọ́ rí iṣẹ́ ṣe, ahọ́n àwọn ènìyàn kò sì gbàgbé. Ní ọdún 1988, nígbà tí òfin yìí ṣì wà lórí ìwé, ni Indomie kọ́kọ́ dé ọjà wa láti ilẹ̀ Indonesia. Ní ọdún 1992, ìjọba mú òfin náà kúrò. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún ẹni tí ń kọ ìtàn ni pé ìjọba lè ti èbúté pa, ṣùgbọ́n kò lè ti ọ̀nà ọ̀fun pa.

Eérí Tí A Sọ Nù

Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín àlejò àtijọ́ àti àlejò tuntun? Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti sẹ́ ògì rí mọ eérí, èyí tí ó kù sínú asẹ́ tí a ń fún ẹran jẹ. Hóró àlìkámà náà ní eérí tirẹ̀, ó sì ní ojú kékeré kan tí ó ń hù. Inú eérí àti ojú yìí ni púpọ̀ nínú àwọn èròjà tí ń ṣe ara lóore wà, àti fọ́nrán tí inú wa kò lè lọ̀ kúnná. Ẹ̀rọ ìgbàlódé a bọ́ méjèèjì dànù, kí ìyẹ̀fun lè funfun kí ó sì pẹ́ nínú àpò láì díkàsì. Ohun tí ó kù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ sítáàṣì lásán. Ti ṣúgà tilẹ̀ tún burú jù: ìrèké tí eyín ń jà pẹ̀lú rẹ̀ kí omi díẹ̀ tó jáde ti di ìyẹ̀fun funfun tí ń yọ́ lórí ahọ́n láì fa wàhálà kankan.

Bí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ bá wọ inú, kò sí ohun tí yóò dá a dúró lọ́nà. Kíákíá ni ó di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀yà ara kan tí ó fara pamọ́ sẹ́yìn àpò oúnjẹ a sì sáré tú omi ínsúlínì jáde, kí ó lè ti ṣúgà náà sínú ẹran ara. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ láràárọ̀ àti lálẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ọ̀rá sì ń kóra jọ sí ikùn nítorí pé iṣẹ́ kò sí, ẹran ara a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ etí ikún sí ínsúlínì. Ṣúgà a wá kúnlẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀, a máa ba ojú, kíndìnrín àti iṣan jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí ni àtọ̀gbẹ irú kejì, tí ó wọ́pọ̀ jù. Ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan ṣoṣo lè ní ṣúgà tí ó ju síbí tíì 10 lọ. Mo bẹ̀ yín, ta ni nínú wa tí yóò bu síbí mẹ́wàá sínú ife ògì rẹ̀?

Iyọ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí síbí tíì kan. Láyé àtijọ́, ìyá tí ó ń se ọbẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ bu iyọ̀, ó sì mọ iye tí ó bù. Lónìí, iyọ̀ ti wà nínú búrẹ́dì kí ó tó kúrò nínú ààrò, ó wà nínú máàgì, ó wà nínú ata gígún tí ó bá Indomie wá nínú ọ̀rá. Bí iyọ̀ bá pọ̀, ara a fa omi mọ́ra, ipá tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan a sì ga sókè.

Àwọn dókítà tí ó kọ́kọ́ ta àwọn oníṣègùn jí sí ọ̀rọ̀ fọ́nrán yìí rí i ní ilẹ̀ Áfíríkà, kì í ṣe ní ilẹ̀ tiwọn. Hugh Trowell dé ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà ní ọdún 1929. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ, dé Ùgáńdà ní ọdún 1946, ó sì lo ogún ọdún níbẹ̀. Àwọn méjèèjì ṣàkíyèsí pé àrùn tí ó kún ilé ìwòsàn ní Gẹ̀ẹ́sì, àwọn bí àtọ̀gbẹ, àrùn iṣan ọkàn àti jẹjẹrẹ ìfun, ṣọ̀wọ́n gidigidi láàárín àwọn ará oko tí wọ́n ń tọ́jú. Títí di ọdún 1956, ẹnì kan ṣoṣo tí ó jẹ́ ọmọ Áfíríkà tí ó ní àrùn iṣan ọkàn jẹ́ ohun tí Trowell kà sí ìròyìn tí ó tó kọ sínú ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn. Ní ọdún 1975, àwọn méjèèjì jọ gbé ìwé kan jáde tí ó so àwọn àrùn wọ̀nyí mọ́ oúnjẹ tí a ti bọ́ èèpo rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n rò ni ó dúró, nítorí ọ̀pọ̀ ará oko kì í pẹ́ láyé tó láti ní àrùn àgbà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n bèèrè kò kú.

Ṣé Ẹ̀jẹ̀ Wa Ni?

Mo wá dé orí ìdáhùn kejì, èyí tí mo kà sí eléwu jù, nítorí pé ó wọ aṣọ ìmọ̀. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn dúdú ju àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan wá gbé èrò kan jáde, tí ó gbilẹ̀ gan-an ní ìparí ọ̀rúndún tí ó kọjá. Wọ́n ní nínú ọkọ̀ ẹrú, àwọn tí ara wọn kò lè di iyọ̀ mú ni ó kú nítorí òógùn àti ìgbẹ́ gbuuru, àwọn tí ara wọn ń di iyọ̀ mú ni ó là á já, àwọn ọmọ wọn ni ó sì ń ní ẹ̀jẹ̀ ríru lónìí. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1992, Philip Curtin, òpìtàn tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí ìtàn òwò ẹrú, yẹ ìwé àkọsílẹ̀ wò. Ó ní kò sí ẹ̀rí pé iyọ̀ wọ́n ní àwọn ilẹ̀ tí a ti kó àwọn ẹrú náà, kò sì sí ẹ̀rí pé àìní iyọ̀ ni ó pa àwọn tí ó kú nínú ọkọ̀.

Ẹ̀rí tí ó tún lágbára jù wá láti ilé wa gan-an. Dókítà Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ìbàdàn wà lára wọn, wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn tí orísun wọn jẹ́ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ibi 7. Lára wọn ni àwọn Yorùbá ará Igbó-Ọrà, àwọn ará Kamẹrúùnù, àwọn ará Jàmáíkà, Saint Lucia àti Barbados, àti àwọn ènìyàn dúdú ní Maywood, ìlú kan tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago. Ní ọdún 1997 ni èsì jáde. Ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ 16 nínú 100. Ní àwọn erékùṣù Karíbíánì, ó jẹ́ 26. Ní Amẹ́ríkà, ó jẹ́ 33. Bí wọ́n ti ń jìnnà sí ilé ni ara ń sanra sí i tí iyọ̀ inú oúnjẹ sì ń pọ̀ sí i. Àwọn kan náà wo àtọ̀gbẹ pẹ̀lú: nǹkan bí 2 nínú 100 ní Nàìjíríà, nǹkan bí 11 ní Amẹ́ríkà àti ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹbí kan náà ni wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ pé inú ẹ̀jẹ̀ nìkan ni àrùn náà wà, kí ni ó dé tí ará Igbó-Ọrà kò fi ní in bí ìbátan rẹ̀ ní Maywood? Cooper tún ṣe òmíràn ní ọdún 2005, ó fi àwọn aláwọ̀ funfun kún un. Àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ní Nàìjíríà jẹ́ 14 nínú 100, láàárín àwọn dúdú Amẹ́ríkà ó jẹ́ 44, ṣùgbọ́n láàárín àwọn ará Jámánì ó jẹ́ 55. Bí awọ dúdú bá ni ó ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru, ta ni yóò wá ṣàlàyé Jámánì fún wa?

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un. Ní ọdún 2015, ọ̀jọ̀gbọ́n Stephen O'Keefe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ènìyàn dúdú 20 láti Pittsburgh ní Amẹ́ríkà àti 20 láti ìgbèríko ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n sì pààrọ̀ oúnjẹ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ará Amẹ́ríkà jẹ oúnjẹ oko, tí fọ́nrán inú rẹ̀ ti gíráàmù 14 lọ sí 55 lójúmọ́. Àwọn ará oko jẹ oúnjẹ Amẹ́ríkà, tí ó kún fún ẹran àti ọ̀rá. Nígbà tí wọ́n yẹ ìfun wọn wò, àwọn àmì tí ń fi ewu jẹjẹrẹ ìfun hàn ti dínkù lára àwọn ti Amẹ́ríkà, wọ́n sì ti pọ̀ sí i lára àwọn ará oko. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti yí ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni padà. Ó tó láti yí inú rẹ̀ padà.

Kí A Má Ṣe Tan Ara Wa

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ka ibi yìí, yóò sì pariwo pé, "Ẹ ò rí i, ẹ jẹ́ kí á padà sí oúnjẹ ìbílẹ̀!" Kí onítọ̀hún ní sùúrù díẹ̀. Oúnjẹ ìbílẹ̀ náà ti pa ènìyàn rí. Ọmọ tí a já lẹ́nu ọmú tí a sì fi ògì nìkan tọ́ a wú ẹsẹ̀, a wú ikùn, irun rẹ̀ a sì pọ́n. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkè-Mẹ̀sí tí ó di ọ̀gá nínú ìmọ̀ ọpọlọ àti iṣan ní Ìbàdàn, ṣe ìwádìí ní agbègbè Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀pẹ́ láàárín ọdún 1960 sí 1970. Ó rí àwọn ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn kú tipiri, tí wọ́n ń ta gọ́ọ́gọ́ bí wọ́n bá ń rìn, tí ojú wọn ń ṣú, tí etí wọn sì ń di. Ó so àrùn náà mọ́ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ láì sí oúnjẹ mìíràn tí ó nílààrí pẹ̀lú rẹ̀. Oúnjẹ kan ṣoṣo tí ó gba gbogbo àwo, ìbáà jẹ́ ẹ̀gẹ́, ìbáà jẹ́ búrẹ́dì, ọ̀tá ara ni.

Ẹ̀wẹ̀, àwọn iye tí mo kọ nípa Igbó-Ọrà ti di ọ̀rọ̀ ìtàn. Ìgbìmọ̀ tí Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akinkugbé jẹ́ alága rẹ̀ gbé ìwádìí gbogbo Nàìjíríà jáde ní ọdún 1997: ẹ̀jẹ̀ ríru jẹ́ 11.2 nínú 100, àtọ̀gbẹ jẹ́ 2.2. Nígbà tí àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn kó gbogbo ìwádìí tí ó wà jọ ní ọdún 2015, ẹ̀jẹ̀ ríru ti di nǹkan bí 29 nínú 100. Àtọ̀gbẹ di nǹkan bí 6 nínú ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2018. Òdodo ọ̀rọ̀ ni pé apá kan nínú àlékún ti ẹ̀jẹ̀ ríru wá láti ara ìwọ̀n, nítorí pé 160 lórí 95 ni a fi ń dá a mọ̀ nígbà ti Akinkugbé, 140 lórí 90 ni a sì lò lẹ́yìn náà. Apá mìíràn wá láti inú pé àwọn ènìyàn túbọ̀ ń dàgbà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ń gbé àárín wa tí yóò sọ pé gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣirò lọ. Àwọn tí ó kù sílé ti ń lé àwọn tí a kó lọ bá. A kò wọ ọkọ̀ ojú omi kankan. Oúnjẹ ni ó wọ ọkọ̀ wá bá wa.

Nítorí náà, kí ni ó yẹ kí á ṣe? Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni gbé odó wá sí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀wà kò wọ́n ju ohun tí a fi ń rọ́pò rẹ̀ lọ, tí a bá ka oore tí ó ń ṣe. Ẹ̀fọ́ wà lọ́jà, ọsàn wà ní ìgbà tirẹ̀. Ẹni tí ó ń jókòó ti ìwé láti àárọ̀ di alẹ́ kò gbọdọ̀ bá àgbẹ̀ du òkèlè. Ẹni tí òǹgbẹ bá ń gbẹ, omi ni kí ó mu. Ìjọba ti fi owó orí ₦10 lé lítà kọ̀ọ̀kan ọtí ẹlẹ́rìndòdò nínú òfin ìnáwó ọdún 2021. Owó kékeré ni, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ti dé etí àwọn aláṣẹ. Kí olúkúlùkù sì lọ wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé. Ẹni tí dókítà bá ti fún ní oògùn, kí ó má ṣe torí ohun tí mo kọ yìí jù ú nù.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ kí á yé fi ẹ̀jẹ̀ àwọn baba wa ṣe àwáwí. Mo gbà pé ìdílé ní ipa tirẹ̀; ẹni tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ní àtọ̀gbẹ ní láti ṣọ́ra ju ẹlòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n láti ṣọ́ra yàtọ̀ sí láti jókòó de ikú. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá ní, "Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa," tí ó sì ṣí ìgò kejì, irọ́ ni ó ń pa mọ́ àwọn tí kò lè fọhùn mọ́. Àwọn ará Igbó-Ọrà ti jẹ́rìí fún àwọn baba wa: ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa dára.

Àwọn àgbà tún ní ọ̀nà ọ̀fun ni ọ̀nà ọ̀run. Àwọn ìyá wa tí wọ́n gba àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ lálejò mọ òwe yìí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wẹ ẹsẹ̀ àlejò kí wọ́n tó gbà á wọlé. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí búrẹ́dì ti Ẹ̀bùté Mẹ́tta ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Kò ní padà lọ mọ́, kò sì yẹ kí á lé e. Ipò rẹ̀ ni ó kù kí á fi hàn án: òun náà kò ju kí ẹnu má dilẹ̀ lọ, ẹ̀gbẹ́ gúgúrú sì ni kí ó jókòó sí.